Ọ̀rọ̀ Ẹnu Odó

"Ẹ dúró! Ẹ dúró jàre!" Jàmíù, olùdarí fíìmù, ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìgbà kẹfà rèé! Ta ló kọ ìranù yìí?"

Ó mọ ẹni tó kọ ọ́. Àdìkẹ́ ló jókòó sórí àpótí lẹ́yìn kámẹ́rà, tó fi ìwé eré bo àyà. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ ọ́, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí.

Inú àgbàlá ilé kan lẹ́yìn rélùwéè Ọ̀fà ni wọ́n ti ń ya á. Iyán gidi ló wà nínú odó. Mummy Roseline, tó ń ṣe ìyá ọkọ, mú ọmọ odó kan dání. Ọmọ́bọ́láńlé, tó ń ṣe ìyàwó, mú èkejì. Iyán ti ń tutù, kókó sì kún inú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tó ní kí n sọ," Ọmọ́bọ́láńlé wí, ó sì fa ohùn bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. "'Ìyá mi, ó ń dùn mí gan-an pé láti ọdún mẹ́ta tí mo ti wọ ilé yìí, ẹ kò fi oríkì mi pè mí rí nígbà tí mo bá kúnlẹ̀ kí yín.' Èémí mi á tán kí n tó parí ẹ̀!"

"Tìẹ tiẹ̀ sàn," Mummy Roseline wí. "Èmi, ó ní kí n gbé ọmọ odó sílẹ̀ kí n tó fèsì. Àdìkẹ́, ta ní í dá iyán dúró nítorí pé ó ń rojọ́? Àbí iyán inú páálí ni wọ́n fi tọ́ ẹ dàgbà?"

Àwọn tó di iná kámẹ́rà mú bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, mà."

"Má bẹ̀ wọ́n, tún un kọ!" Jàmíù nàka sí i. "Bí oòrùn bá fi lè kan àtàrí tí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ, Kabir tó ń kọ eré fún mi tẹ́lẹ̀ ni n ó pè kó wá kọ ọ́. Orúkọ ẹ̀ náà ló sì máa wà nínú fíìmù."

"Èmi ni mo ni ìtàn yìí, Bùọ̀dá Jàmíù."

"Ìtàn ò wọ́n mi. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ kọ ni mò ń wá."

Ojú ta Àdìkẹ́. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n sunkún níwájú àwọn èèyàn yìí. Ó dìde, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ Ọmọ́bọ́láńlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká gún un."

Mummy Roseline pòṣé, àmọ́ ó gbé tirẹ̀ sókè. Gbì. Gbì. Bí tibí ń sọ̀, tọ̀hún ń ròkè. Àdìkẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn gígùn náà. Kò tíì dé ìdajì tí ọmọ odó méjèèjì fi kọlu ara wọn.

"Wàá ṣẹ́ mi lọ́wọ́!" Mummy Roseline kígbe.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Láàárín gbì kan sí èkejì, àyè ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta péré ló wà. Ó dá ọmọ odó padà, ó fa pẹ́ńsù yọ nínú irun, ó sì ń fa igi lé ọ̀rọ̀ lórí, ó ń kọ kúkúrú dípò wọn, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ máa gún un lọ," ó wí nígbà tó fi ìwé hàn wọ́n tán. "Ẹ má dúró."

"Mo kí yín." Gbì.

"Mo gbọ́." Gbì.

"Mo kúnlẹ̀." Gbì.

"Mo rí ẹ." Gbì.

"Ọdún mẹ́ta." Gbì.

"Mo kà á." Gbì.

"Oríkì mi ńkọ́?"

Mummy Roseline gbé ọmọ odó sókè, kò jẹ́ kó sọ̀. Àlàyé gígùn ni Àdìkẹ́ kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọmọ odó ìyàwó nìkan ló ń dún, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé ẹ rí i?" Jàmíù wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ní kí wọ́n máa gún un lọ. Mú ìwé yẹn wá, n ó ṣe ìyókù fúnra mi."

Àdìkẹ́ ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí Jàmíù fi àyè òǹkọ̀wé sí lófìfo. Ó nà án sí i, àmọ́ kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀ ná."

"Èmi? O tiẹ̀ mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Àdìkẹ́ di ìwé náà mú ṣinṣin.

"O yadi ni?"

Lẹ́yìn wọn, Mummy Roseline jẹ́ kí ọmọ odó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Gbì.

"Ta ló ní bírò níbí?" Jàmíù bèèrè.