Sọ́rì Tíṣà Dúrójayé

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa, tó sì fún wa lẹ́nu tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹ fi etí sílẹ̀ díẹ̀.

Láti ìdájí ọjọ́ Sátidé ni Tíṣà Dúrójayé ti ń rìn yí àgbàlá rẹ̀ ká ní Ìjurin. Yóò jókòó, yóò dìde. Yóò yọ fóònù lápò, yóò tún tì í padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń wò, láti ọ̀dọ̀ Ọládèjì àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Òkè-Ìmẹ̀sí: "Sọ́rì." Kò sí "ẹ̀gbọ́n mi", kò sí "ẹ jọ̀ọ́".

Oṣù méjì sẹ́yìn ni Ọládèjì gé kòkó bàbá wọn lulẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó gbin ẹ̀gẹ́ sójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Tíṣà kò ti lè jẹ Ara Olúwa. Bí wọ́n bá ti pe ìjọ síwájú pẹpẹ, ṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ ìjókòó. Ọ̀la ni ti oṣù yìí, ó sì ń pa á bí òùngbẹ.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì," ó wí fún Níkẹ́ ìyàwó rẹ̀. "Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọlọ́kadà gbá ọ lẹ́sẹ̀, sọ́rì. Ìyá rẹ kú, sọ́rì. O ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí, sọ́rì, kí wọ́n tún un sọ. Òun náà ni wọ́n fi ń sọ fún ọ pé kò sí iṣẹ́. Èwo ni Dèjì rán sí mi nínú gbogbo ẹ̀?"

Níkẹ́ kò gbójú sókè níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. "Bàbá Àdúràolúwa, mo tẹ ewúrẹ́ yín lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, mo ní sọ́rì fún un. Ó gbà á. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbà."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó bá ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wá sílé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja."

"Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ torí kòkó sọ lójú gbogbo ẹbí pé Dèjì kì í ṣe ọmọ bàbá yín, ta lẹ bẹ̀?"

Tíṣà wọlé, ó tún jáde. Ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pariwo létí rẹ̀: ẹni tó bá rántí níwájú pẹpẹ pé inú ń bí arákùnrin òun sí òun, kó fi ọrẹ sílẹ̀, kó lọ ná. Kò sí ibi tó ti ní kí ẹ̀gbọ́n jókòó de àbúrò.

"Níkẹ́, fìlà mi dà?"

Ọ̀kadà gbé e dé Òkè-Ìmẹ̀sí kí oòrùn tó mú. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Ọládèjì, níbi tó ti ń bomi rin ọmọ kòkó tó gbìn sínú ọ̀rá, bí igba. Bó ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, garawa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, Tíṣà dì í lápá mú.

"Dúró ná." Ó wúkọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Dèjì, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí. "Ohun tí mo sọ lójú ẹbí lọ́jọ́ yẹn... Dèjì, sọ́rì."

Omi ń ṣàn láàárín ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo kọ tèmi gùn tẹ́lẹ̀ o," ni Dèjì wí. "Mo ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́. Ìyẹn nìkan ló kù."

Tíṣà ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. "Bu omi mìíràn wá. Kòkó wọ̀nyí ò ní dúró dè wá."

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìjọ tán, ó ti dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ sọ kò ní há yín lọ́fun. Ẹni tí ẹ bá lọ bá, ẹ ó bá a láàyè, ẹ ó bá a nílé. Àyè yín níwájú pẹpẹ kò ní ṣófo, lórúkọ Jésù.