Sípíkà Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò gùn, ṣùgbọ́n ó gún Ọ̀gá Télọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ. Màmá ní etí òun kò gbọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ yìí mọ́, pé ńṣe ni àwọn èèyàn inú rẹ̀ kàn ń la ẹnu bí ẹja, àti pé bó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun á kó ẹrù òun lọ sílé àbúrò Ọ̀gá Télọ̀, nítorí tibẹ̀ ń dún ketekete.

Àbúrò yìí, oníṣẹ́ iná ni. Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí ìyá ẹni wá kó kúrò nílé àkọ́bí lọ sílé àbíkẹ́yìn, lójú gbogbo ayé? Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Télọ̀ ti gbé páálí ńlá kan wọlé: sípíkà mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n ń tò yí èèyàn ká kí ohùn lè máa bọ̀ láti gbogbo igun.

Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Oníná kó wá tò ó. Ó wo ìyàwó náà bí oníbàárà tó fẹ́ kí aṣebàtà bá òun rán kóòtù.

"Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọn èèyàn tó ń mí, tó sì ń yídìí. Àpótí mẹ́fà tí kò lè mira ni yóò wá ṣòroó wọ̀n fún mi?"

Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ. Ó wọn pálọ̀, ó wọn àga Màmá, ó wọn àwọn sípíkà níbùú lóròó. Díẹ̀ ló kù kó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ọrùn tiwọn. Ìwé kan wà nínú páálí tó ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ó wò ó, ó rí i pé wọ́n gbé èyí tó tóbi jù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé èyí tó kéré jù sí ààrin gbùngbùn, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó mi orí. Ó ní ó dájú pé ẹni tó ya ìwé yìí kò ní ẹ̀gbọ́n.

Ó tò ó bó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Béèsì tó tóbi jù, àgbà ilé, gorí kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n dọ́gba gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kékeré, tí kò ju búrẹ́dì kan lọ, bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó yẹ kí ọmọdé wà bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní wáyà sípíkà kékeré yìí á máa kọ́ àwọn lẹ́sẹ̀. Ìyẹn rọrùn: ó tú ìṣẹ́tí kọ́tìnnì, ó tẹ́ wáyà sínú rẹ̀, ó sì fi òwú ìlọ́po méjì rán an pa. Ìránsí náà dọ́gba bí eyín ọmọge.

Oníná yà wá kí Màmá ní Ọjọ́bọ̀. Ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kékeré yẹn, ààrin ni wọ́n máa ń gbé e sí o."

"Ìgbà wo lo di ẹni tó ń pín ìjókòó nílé mi?"

Oníná ní kí wọ́n má bínú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó dun Ọ̀gá Télọ̀ jù ni pé àbúrò rẹ̀ ń súfèé bó ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Màmá ti di ẹrù, báàgì méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbà láti wo eré DVD kan péré kí Oníná tó wá mú wọn. Ọ̀gá Télọ̀ tẹ rìmóòtù.

Béèsì bú. Àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù dáhùn, ife ń bá ife jà, ìdérí ìkòkò kan sì yí jáde, ó jó títí ó fi délẹ̀. Màmá ní òjò ti ṣú, kí wọ́n lọ ká aṣọ.

Kò pẹ́ sí i ni obìnrin kan nínú eré náà kí àwọn ará ilé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ohùn rẹ̀ ti wá. Màmá ní kó wọlé, ilẹ̀kùn ò tì. Kò sẹ́ni tó wọlé. Màmá dìde, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n padà. Ìdí wọn kò tíì kan àga tí obìnrin náà fi bú sẹ́kún pé ọmọ òun ti kọ òun sílẹ̀. Màmá tún dìde. Wọ́n bi Ọ̀gá Télọ̀ pé irú ìwà wo ni, kí obìnrin máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà ẹni kéèyàn jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ti fi etí aṣọ bo ojú, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Ọ̀gá Télọ̀ ń gbé ohùn náà sókè, àwọn àwo ń gbè é.

Nígbà tí Màmá dìde lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò padà mọ́. Wọ́n fa àga kékeré kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ etí sílẹ̀. Lójijì ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí tẹlifíṣọ̀n ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

"Eléyìí ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ," ni Màmá wí. "Ariwo lásán làwọn ìyókù ń pa. Ta ló gbé e pamọ́ síbí?"

Ibẹ̀ ni Oníná bá wọn, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá ní ìwọ̀nba lòun lè jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn: bí kékeré bá wá síwájú òun, òun ò lọ mọ́, bí kò bá wá, kí Oníná gbé báàgì. Oníná fa pílíáàsì yọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun gé wáyà náà nídìí kọ́tìnnì kóun sì fi òmíràn sí i, pé ìránsí ẹ̀gbọ́n òun dára jù láti tú.

Ọ̀gá Télọ̀ wo ìránsí náà. Télọ̀ tó bá tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lójú èèyàn, ó ti sọ pé òun ṣìṣe. Kò nílò ẹnu mọ́. Ó mú bíléèdì látinú àpò, ó kúnlẹ̀ ti kọ́tìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bá mi di ibẹ̀ yẹn mú," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ààrin lo wí, àbí?"

"Ààrin ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tí kékeré ti jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, Màmá ní kí Oníná kó báàgì padà sí yàrá, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ eré náà látìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ò tíì mọ ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá Télọ̀ gbé béèsì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká àjákù aṣọ kan sí mẹ́ta, ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀. Àgbà ṣáà ni. Kò yẹ kó jókòó sílẹ̀ lásán.