Ibi Tí Wákàtí Bàbá Abíọ́nà Parí Sí

Àmì pupa kékeré ojú kọ̀ǹpútà mi dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo tún un tẹ̀, ó ṣì wà lójú kan náà: trélà Bàbá Abíọ́nà, láàárín Koton-Karfe àti Abaji, níbi tí igbó ti há ọ̀nà mọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn wá sí Àbújá lọ́dún náà tí kò mọ̀ pé èèyàn kì í dúró níbẹ̀, àgàgà tí oòrùn bá ti ń lọ. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n jí pásítọ̀ kan àti ìyàwó ẹ̀ gbé lágbègbè ibẹ̀. Mo pè é.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀nà o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Ìdáyátù ọmọ mi. Wákàtí mi ló pé. Ẹ̀rọ yín ké, ké, ké, mo bá páàkì."

"Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ páàkì sí, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ikùn. "Èmi kọ́ ni mo yan ibẹ̀. Aago yín ló yàn án fún mi. Táńkà kan ṣubú dí ọ̀nà ní Lọ́kọ́ja, àárọ̀ la ti wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò ní àtàrí. Ẹ́ńjìnnì mi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yín náà ń kà á. Èmi nìkan ni mo sì wà nínú ọkọ̀, ibà dá ọmọ ọkọ̀ mi dúró sí Èkó."

"Ẹ máa bọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́. Abaji ò jìnnà mọ́."

"Háà! Ìdáyátù! Ṣé o fẹ́ kí irin pa mí ni?"

Mo mọ ohun tó ń wí, torí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó búra.

Ní ọdún tó ṣáájú, Adégbọlá, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, ń wa trélà láti Àpápá bọ̀ ní ọgbà wa ní Idu, l'Àbújá, láìfojú kan oorun. Àlàájì Ọláoyè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ni ilé-iṣẹ́ trélà wa, ló ń pè é ṣáá pé kó máa bọ̀, pé àwọn oníbàárà ń dúró. Oorun gbé e lórí sítíárìn, ó lọ gun bọ́ọ̀sì kan. Àwọn èèyàn kú nínú bọ́ọ̀sì náà, òun náà kú. Ìjọba ti géètì wa pa. Ilé-iṣẹ́ fúláwà tá a ń kẹ́rù fún gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wa. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá wọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu àwọn tó jókòó.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí géètì ṣí, ó ní kí gbogbo awakọ̀ tò sínú ọgbà. Lémọ́mù gbé Kùránì wá, àwọn onígbàgbọ́ àárín wọn gbé Bíbélì dání. Àlàájì mi orí.

Ó ní, "Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ìwọ̀nyí búra, ẹ máa yẹ̀ ẹ́, ẹ máa wá tọrọ àforíjì, torí ẹ mọ̀ pé Ọlọ́run láàánú. Awakọ̀ ni yín. Kálukú mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ̀."

Bí àwọn bàbá awakọ̀ ṣe ń ṣe é nígbà àtijọ́ lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ahọ́n kan irin kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ń wí pé bí àwọn bá wakọ̀ kọjá wákàtí tí òfin là sílẹ̀, kí irin táwọn ń wà pa àwọn. Lémọ́mù jáde lọ láìdágbére. Ọ̀rẹ́ Adégbọlá ni Bàbá Abíọ́nà, ó wà lára àwọn tó wẹ òkú ẹ̀. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n so tírákà mọ́ gbogbo mọ́tò. Ìyẹn ló máa ń ké bí wákàtí awakọ̀ bá pé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wò ó láti Idu.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an ni ilé-iṣẹ́ fúláwà rán ènìyàn wá láti wò ó bóyá àwọn lè dá iṣẹ́ padà fún wa. Ọmọ Ìlọrin ni, Saeed lorúkọ ẹ̀; gbogbo awakọ̀ ló ti gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ó wà nínú yàrá Àlàájì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo sáré lọ bá Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi, olórí àwọn awakọ̀, ará Kàbbà.

"Ẹ̀gbọ́n, Bàbá Abíọ́nà páàkì sínú igbó."

"Ṣé wákàtí ẹ̀ pé?"

"Ó pé."

"Ó káre! Irú ẹ̀ la fẹ́ kí àlejò yìí rí." Ó tẹ̀lé mi wá, ó tẹ orí ba wo kọ̀ǹpútà mi. Ojú ẹ̀ yí padà. "Kai!"

"Ṣé kí n lọ sọ fún Àlàájì?"

"Dúró ná. Jẹ́ kí ọkùnrin yẹn lọ. Tó o bá wọlé báyìí tó o ní ká wa mọ́tò kọjá wákàtí, ìwọ lo máa bá wọn ti géètì yẹn pa lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ mi ń lọ síléèwé níbí o."

"Tí wọ́n bá wá gbé Bàbá ńkọ́?"

"Má fẹnu ẹ pè é!"

Mo padà jókòó. Mo ń wo àmì pupa yẹn, mo ń wo oòrùn lójú fèrèsé. Oòrùn ń rìn, àmì ò rìn. Fóònù mi dún. Màmá Mùfúlíátù ni, ìyàwó Bàbá Abíọ́nà. Karmo, l'Àbújá níbí, ni wọ́n ń gbé.

"Ìdáyátù, kí ló ń ṣe bàbá ẹ? Mo pè é, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí olè. Ó ní òun ń gbọ́ ìró ọ̀kadà. Níbo ló wà?"

"Mà, wọ́n... wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Abaji, mà."

"Ṣó dá ẹ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ẹnu mi korò. Mo tún pe Bàbá. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

Ó rọra ní, "Wọ́n ti kọjá lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò tan iná. Mo gbọ́ tí wọ́n tún ń padà bọ̀." Ó já fóònù.

Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò wọ yàrá Àlàájì rí láìjẹ́ pé ó pè mí. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣáà rí i pé mo ti kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, pé àwọn méjèèjì ń wò mí. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo sọ gbogbo ẹ̀ fún, mi ò lè gbójú sókè.

Mo gbọ́ fáànù tó ń yí. Mo gbójú sókè díẹ̀, mo sì rí i pé àlejò ni Àlàájì ń wò. Kò wo èmi. Ó ń rò ó. Ẹ̀rù tó bà mí lákòókò tó fi ń rò ó yẹn ju ti ìró ọ̀kadà lọ.

Ó wá mú fóònù, ó pe Bàbá, ó ṣí ohùn ẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Abíọ́nà, gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀! Èmi ni mo ní kó o máa bọ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Adégbọlá náà, Àlàájì."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sún mọ́ fóònù. "Mo tú ọ sílẹ̀. Mo yọ ọ́ nínú ìbúra náà."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo búra fún. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé irin ò láàánú? Mo gbà yín gbọ́, sà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ti dé o." Fóònù kú.

Saeed gbé ife zóbò ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Ìbúra wo ló ń sọ?"

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi tó ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ṣàlàyé pẹ̀lú ìtìjú. Saeed gbọ́ ọ tán, ó wo Àlàájì.

"Wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ẹ̀ ń tẹ̀lé òfin. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti dẹ́rù ba àwọn àgbàlagbà débi tí wọn ò fi lè sá fún ikú mọ́." Ó yíjú sí mi. "Àbúrò, ta ni wákàtí ẹ̀ ò tíì pé nítòsí ibẹ̀?"

"Àyàndá, sà. Awakọ̀ wa kan ni, ó wà ní Abaji."

Mo pè é.

"Ìdáyátù arẹwà! Ẹ̀bà ló wà lọ́wọ́ mi o, bó bá jẹ́ iṣẹ́, mi ò sí nílé."

Mo sọ fún un pé kó lọ bá wa gbé mọ́tò Bàbá kúrò nínú igbó.

"Igbó yẹn? Ní ìrọ̀lẹ́ yìí?"

Àlàájì gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Àyàndá, mi ò pàṣẹ fún ọ. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni."

"Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé..." Ó dúró. "Rárá, ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ọ̀kadà! Ọ̀kadà, dúró!"

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan mìíràn tá a lè ṣe. Saeed pe ẹnì kan tó mọ̀ nínú àwọn sójà, wọ́n ní àwọn máa gbìyànjú. Saeed àti Àlàájì kírun màgáríbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, Saeed ló ṣe lémọ́mù, Àlàájì dúró lápá ọ̀tún ẹ̀. Nígbà tí Àlàájì forí kanlẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé e. Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi ń pe Jésù sínú. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ nọ́ńbà Bàbá, obìnrin inú fóònù ló ń dá mi lóhùn.

Àmì pupa náà mi. Mo pariwo. Gbogbo wọn sáré wá sẹ́yìn mi.

"Ó ń rìn! Alihamudulilahi!"

"Ibo ló ń lọ?" Ohùn Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi ló bèèrè, ó ti gbẹ. Mo wò ó dáadáa. Àmì náà ò kọjú sí Abaji. Ó ti yí padà, ọ̀nà Lọ́kọ́ja ló kọrí sí, ó sì ń sáré.

"Wọ́n ti gbé mọ́tò," ni Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́runfẹ́mi wí.

Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ni wọ́n fi awakọ̀ ṣe. Saeed jókòó sórí àpótí kan. Àwa ń wo àmì yẹn títí tó fi dúró lójijì, fóònù sì dún lọ́wọ́ mi.

"Àyàndá ni!" Ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. "Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà Koton-Karfe. Àwọn ọlọ́kadà yẹn wà níwájú, ni mo bá ṣẹ́rí padà. Wọ́n yìnbọn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi ti fọ́."

"Abíọ́nà ńkọ́?" ni Àlàájì wí.

"Mi ò bá a, sà. Ilẹ̀kùn ṣí, kọ́kọ́rọ́ wà lára mọ́tò. Bàtà ẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀."

Àlàájì di tábìlì mi mú. A gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Hausa lẹ́yìn Àyàndá, a gbọ́ tí wọ́n ń gbá ara trélà. Lẹ́yìn náà Àyàndá pariwo, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Ó wà lórí ẹrù! Abẹ́ tápólì ló sá sí! Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, èmi ni! Ó ní òun ò sọ̀, ó rò pé àwọn olè ló ń wà á láti ìgbà yẹn."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn Bàbá Abíọ́nà jáde, ó tinrín bí ti ọmọdé.

"Àlàájì, ta ló wà á?"

"Àyàndá ni."

"Wákàtí tiẹ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì pé."

"Kí ọkùnrin fúláwà yẹn gbọ́ o. Ọwọ́ mi ò kan sítíárìn."

Saeed dìde. "Mo gbọ́, Bàbá. Mo gbọ́ yín." Ó mú báàgì ẹ̀. Ó ní òun ò tíì lè sọ ohun tí òun máa wí fún àwọn ọ̀gá òun, ṣùgbọ́n bí mọ́tò wa kan bá tún fẹ́ kúrò ní Àpápá, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tó máa sùn fún òun. Àlàájì ò tẹ̀lé e jáde. Ó ṣì di tábìlì mú.

Fóònù mi tún dún. Màmá Mùfúlíátù. Mo gbé e, mo rántí irọ́ tí mo pa fún wọn. Mo na fóònù náà sí Àlàájì.

Ó wo orúkọ tó wà lójú ẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó gbé fóònù sétí.

"Màmá Mùfúlíátù, Ọláoyè ni. Ọkọ ẹ wà láàyè." A gbọ́ igbe ayọ̀ obìnrin náà, àti àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ẹ̀ lé e lórí. "Dúró ná," ló wí. "Má tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."