Ẹ Wáá Jẹun, Ààrẹ Tí A Lé Lọ

Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin oníṣu ní Ọjà Ọba gbé ọmọ odó lé Ọlálérè, tó ti ń ṣe Ààrẹ ẹgbẹ́ wọn láti ọdún mẹ́rìnlá, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló fi gun ọ̀kadà sá lọ. Kí ni bàbá olóore ṣe? Kò kúkú ṣe nǹkan kan. Géètì ẹ̀yìn ọjà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ Ìyìn ti ń já iṣu, ló kàn fi àgádágodo tì, pé ọkọ̀ tòun nìkan ni yóò máa kó iṣu wọlé.

Monínúọlá ló ṣáájú ogun náà. Iṣu rẹ̀ wà lẹ́yìn géètì, oòrùn ń pa á. Ààrẹ nìkan ló láṣẹ kọ́kọ́rọ́, Monínúọlá sì ti gbà pé òun ni Ààrẹ báyìí. Àṣé èrò ọjà lè lé Ààrẹ, wọn ò lè yan Ààrẹ! Ìwé òfin ní iṣẹ́ ìgbìmọ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí Ọlálérè tí wọ́n lé, márùn-ún ló kù nínú wọn: mẹ́ta wà lẹ́yìn Monínúọlá, méjì lẹ́yìn Akínlolú, àna Ọlálérè. Ìṣirò yẹn ò le.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ebi gbìmọ̀ l'Ékìtì. Monínúọlá gún iyán fún ìgbìmọ̀, ó fi ẹran ìgbẹ́ tì í. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè kìíní ni Ọlálérè yọjú, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

"Ẹ wáá jẹun o, bàbá," ni Monínúọlá wí kó tó ronú. Ẹnu ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kì í dúró gbàṣẹ. Ọmọlúàbí á dáhùn pé, "Á gba ibi ire," á sì bá tiẹ̀ lọ.

Ọlálérè fọwọ́.

"Uyán yìí mà dùn o!"

Ta ni yóò lé èèyàn nídìí oúnjẹ? Nígbà tí wọ́n dìbò, òun náà na ọwọ́ tí ọbẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mẹ́ta sí mẹ́ta.

"Ó dọ́gba," ni Olúrántí akọ̀wé wí. "Òfin ní Ààrẹ ni yóò là á."

"Ààrẹ wo?" ni Monínúọlá kígbe.

"A ò tíì yan òmíràn, màmá. Èyí tó wà náà ni."

Ọlálérè mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n di ẹrù lé lórí. "Akínlolú ni tèmi. Ẹ ṣáà ní ìyípadà lẹ fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Monínúọlá jókòó sídìí géètì tó ṣì wà ní títì, ó ń jẹ iyán àná. Akínlolú ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ fòò. Ẹnu Monínúọlá fẹ́ là fúnra rẹ̀. Ó yára ki òkèlè bọ̀ ọ́.