Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pín

Èmi ni mo ní kí wọ́n pín bẹ́ẹ̀dì náà sí méjì. Kí n ti sọ ìyẹn ná, nítorí mo mọ àwọn èèyàn wa ní Lọ́kọ́ja. Bí wọ́n bá gbọ́ pé tọkọtaya rìnrìn àjò, tí inú wọn ò sì dùn tó bó ṣe yẹ, ọkùnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Ẹ̀bi yìí, èmi ni mo ni ín. Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà, òmùgọ̀ tó wọ bùbá léèsì, tó fi góòlù sétí.

Ọmọ wa obìnrin, Zipporah, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Southampton nílùú Òyìnbó, ló san owó ìrìn àjò náà. Ó ní a ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, a ò sì gbafẹ́ rí. Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbafẹ́ tí èmi àti Bàbá Zipporah ti ṣe láyé wa kò ju ká jókòó síwájú ilé ní Lokongoma, ká máa wo ẹni tó ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà lórí owó ọkọ̀. Ó ní ká wá kí òun, pé a ó fi ọ̀sẹ̀ kan wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan tó máa gbé wa lójú òkun dé ilẹ̀ Sípéènì, tó sì máa gbé wa padà.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí mo fi ya òmùgọ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Yàrá méjì ló dojú kọra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láàárín. Ọ̀kan jẹ́ ti Bàbá Zipporah. Èkejì jẹ́ tèmi, ti àpò gàrí, àti ti àwọn ọmọ-ọmọ tó bá wá lo ọlidé. Ìjà kọ́ ló pín wa. Lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́bí Zipporah lórúkọ ni ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní obìnrin tí ọmọ rẹ̀ bá ti bímọ kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ mọ́, kí ìyá àti ọmọ má baà jọ máa gbé oyún kiri àdúgbò bí ẹni ń du oyè. Nígbà yẹn, oyún kan ṣoṣo tó tún lè wọ ikùn mi ni ti iyán. Síbẹ̀ mo gbé ìrọ̀rí mi, mo ré ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Bàbá Zipporah ò bi mí nídìí, èmi náà ò sì sọ. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo máa ń pariwo láti yàrá mi, wọ́n á sì dáhùn láti tiwọn, bí àwọn tó dúró létí odò, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi Mọ̀ríámọ̀, ọmọ Ìlọrin tó ń ta bàtà ní Kabawa, ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo ní kí n ra sálúbàtà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gbéra.

"Nínú ọkọ̀ yẹn, yàrá mélòó ni wọ́n fún yín?"

"Ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Mi ò béèrè."

Ó gba sálúbàtà lọ́wọ́ mi. "Fi èyí sílẹ̀. Aṣọ àwọ̀sùn ni kí o lọ rà."

"Mọ̀ríámọ̀, èmi ìyá àgbà."

"Ṣé ìhòòhò ni ìyá àgbà ń sùn ni?"

"Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ìgbà wo lo wọ yàrá Alájì ọkọ rẹ kẹ́yìn?"

"Àná. Mo lọ wá òróró tí mo fi ń pa orúnkún."

"Ṣé o rí i?"

"A rí i nígbẹ̀yìn."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mi ò rántí ná sálúbàtà náà. Mo san iye tó pè.

Nígbà tí a rí ọkọ̀ náà ní èbúté Southampton, mo rò pé ilé ni. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gé òkè Patti ìlú wa, wọ́n gbé e sórí omi, wọ́n sì lu fèrèsé sí i lára. Bàbá Zipporah, tó jẹ́ pé iṣẹ́ títì àti afárá ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, dúró, wọ́n wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Gbogbo irin yìí," ni wọ́n ní, "kí ló dé tí kò rì?"

Mo ní kí wọ́n má bi mí nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ti wà nínú rẹ̀.

A rìn gba ọ̀nà tóóró kan tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ jọra, títí a fi dé tiwa. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ bí pápá. Láàárín rẹ̀, ẹnì kan ti fi táwẹ́ẹ̀lì funfun ká ẹyẹ méjì, ọrùn wọn gùn, wọ́n dojú kọra, wọ́n ń fẹnu konu.

Ojú tì mí. Mo wo ẹyẹ, mo wo Bàbá Zipporah, odindi alàgbà ìjọ, pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ó sì dà bíi pé ìyá mi ti dìde nínú ibojì, wọ́n ń yọjú sí wa lójú fèrèsé. Obìnrin ará Filipíìnì tó ń tún yàrá ṣe wọlé wá kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò tíì kí wa tán tí mo fi ní kó bá mi pín bẹ́ẹ̀dì yìí sí méjì. Mo ní ọkọ mi máa ń ta èèyàn nípàá lójú oorun bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Nígbà tí mo rí i pé òyìnbó mi ò fẹ́ yé e, mo ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè rí i.

Irọ́ gbuu ni. Bàbá Zipporah tí mo mọ̀, bí ìtì igi ni wọ́n ń sùn.

Obìnrin náà wojú ọkọ mi, bóyá wọ́n á sọ nǹkan.

"Ó dáa," ni Bàbá Zipporah ní. Wọ́n gbé àpò kalẹ̀, wọ́n lọ dúró nídìí fèrèsé, wọ́n kẹ̀yìn sí wa.

Nígbà tí a jẹun dé, bẹ́ẹ̀dì ti di méjì, àṣé kékeré méjì ni wọ́n dà pọ̀ tẹ́lẹ̀, tábìlì kékeré wà láàárín. Ẹyẹ kan wà lórí tọ̀tún, ẹyẹ kan wà lórí tòsì, wọ́n kẹ̀yìn síra bí àwọn tó pera wọn lẹ́jọ́ ní kóòtù.

Mi ò ní purọ́, ọkọ̀ náà dùn, ó sì korò. Oúnjẹ wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó pọ̀ débi pé ó ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n ata ò kàn án. Ẹja wọn funfun bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo fọ ìró mi, mo sá a sórí irin tó wà níta yàrá wa, atẹ́gùn sì gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹja kan ti ró o mọ́dìí báyìí. Mo sọnù nínú ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́. Wọ́n kọrin fún wa, a jó, Òyìnbó arúgbó kan sọ fún mi pé mo mọ ìdí jù, mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ọdún ti kọjá lórí rẹ̀.

Ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀ rárá ni orúnkún Bàbá Zipporah. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ilé ìwẹ̀ jáde pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn ń lọ jókòó sínú omi gbígbóná tó wà lókè ọkọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wọ inú omi náà láàárín àwọn arúgbó ẹgbẹ́ wọn, wọ́n dijú, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn. Mo jókòó létí omi, mo ń wo orúnkún méjèèjì tó yọ sókè bí orí ọmọ ọwọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn lọ́sàn-án gangan. Mo ṣì dá àpá tó wà lára tòsì mọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló gbé wọn ṣubú nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá kí mi nílé bàbá mi nílùú Ìyàrá, tí wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe àwọn.

"Wọ inú omi wá," ni wọ́n ní.

"Pẹ̀lú ìró?"

"Bọ́ ọ."

"Bàbá Zipporah."

"Ta ló mọ̀ ẹ́ níbí?"

Mo ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Ìyẹn náà tó fún ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n tí a bá ti padà sí yàrá, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tiwọn, wọ́n á kọjú sógiri. Mo bi wọ́n bóyá inú ń bí wọn. Wọ́n ní kí ló lè máa bí àwọn nínú.

Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Sípéènì, Bàbá Zipporah lọ wo afárá àtijọ́ kan, èmi jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Fóònù rí nẹ́tíwọ̀kì, mo pe Zipporah kí n lè bá a jà.

"Kí ló dé tó o fi gba bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo fún wa? Ṣé o ò mọ ọjọ́ orí wa ni?"

"Màámi, èmi kọ́ o. Mo bi Bàbá. Mo ní ṣé ọ̀kan ni àbí méjì. Wọ́n ní ọ̀kan."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Ọ̀kan. Mo tún bi wọ́n, mo rò pé wọn ò gbọ́ mi dáadáa ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa kọ̀. Màámi, ṣé ẹ kọ̀ ni?"

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, mo pa fóònù.

Ọkọ mi tó lè jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fún oṣù kan láì béèrè iyọ̀, wọ́n ti fẹnu ara wọn béèrè bẹ́ẹ̀dì kan lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n bí. Èmi sì fi wọ́n wé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lójú àlejò. Ẹ̀rù bà mí. Ìbínú wọn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Tí wọ́n bá bínú, mo mọ ọbẹ̀ tí mo lè sè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn ò ní béèrè mọ́ láéláé.

Lọ́jọ́ kejì, tí a ti wà lójú òkun padà, mo pinnu pé màá da bẹ́ẹ̀dì náà pọ̀ fúnra mi. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lè sọ fún obìnrin Filipíìnì yẹn pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ronú pìwà dà. Nígbà tí Bàbá Zipporah ń lọ jẹun ọ̀sán, mo ní inú ń run mí. Bí wọ́n ṣe jáde, mo gbé tábìlì kúrò, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì kan. Ó sún díẹ̀, ó dúró. Mo wọ àárín méjèèjì, mo bẹ̀rẹ̀ kí n wo ohun tó há a lẹ́sẹ̀. Òkun ti ń ru láti àárọ̀. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, èmi náà fì, mo fìdí jókòó sínú àlàfo náà, mo sì há.

Ìdí yìí kì í ṣe ìdí kékeré. Mo gbẹ́sẹ̀ sókè, mo na apá, mo dà bí aáyán tó dojú sókè. Bí mo ṣe ń jìjàkadì láti dìde ni mò ń wọlé sí i.

Bàbá Zipporah ṣílẹ̀kùn. Wọ́n mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan bọ̀ nítorí inú rírun mi. Wọ́n wò mí, wọ́n wo tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Ẹ fà mí dìde."

"Ìyá Zipporah, mo ní kí lò ń ṣe?"

"Mò ń da bẹ́ẹ̀dì pọ̀."

Ọkọ̀ tún fì.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á ta ẹ́ nípàá," ni wọ́n ní.

"Kó máa ta mí. Zipporah ti sọ fún mi."

"Ọmọ yẹn ò lè panu mọ́."

"Ẹ̀yin ò sì lè lanu. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ilé?"

"Kí n pariwo rẹ̀ láti yàrá mi?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi, wọ́n fà mí, mo gòkè díẹ̀, ọkọ̀ fì sósì, wọ́n sì ya lù mí. A jọ há síbẹ̀, arúgbó méjì, a ò lè lọ, a ò lè bọ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú wọn. Inú ikùn wọn ló ti ń bọ̀, mo ń gbọ́ ọ lára kí n tó gbọ́ ọ létí. Ẹ̀rín mú èmi náà, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dákẹ́ kí n má baà tọ̀ sára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn wà lábẹ́ wa. Ẹ má bi mí ohun tó dà.

Nígbà tí a bọ́, a jọ fi ẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì náà títí ó fi lẹ̀ mọ́ èkejì. Obìnrin Filipíìnì wọlé nírọ̀lẹ́, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lára aṣọ mi, ó lọ mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ wá.

Àwọn ọjọ́ tó kù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn. Mo rí i pé wọ́n ti máa ń hanrun báyìí, ìró rẹ̀ dà bí jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀, wọ́n sì ní èmi ni mò ń fa gbogbo aṣọ mọ́ra bí ajẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń sọ̀rọ̀, ohùn wa sì wálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n sọ fún mi pé lọ́dún tí mo lọ wẹ ọmọ fún Zipporah, àwọn máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá mi ní Lokongoma, àwọn á tan iná, àwọn á sì pa á. Mo ní kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Wọ́n ní àpò gàrí.

Bàlúù wa balẹ̀ sí Àbújá, mọ́tò gbé wa wálé. Aládùúgbò ń kígbe "Ọ̀kun o", ìkíni ilẹ̀ wa, láti ojú fèrèsé. Mọ̀ríámọ̀, tí a fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún, ti gbálẹ̀, ó ti se ọbẹ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"O sanra," ló ní. "Oúnjẹ wọn dùn?"

"Kò ní ata."

"Kí ló wá dùn níbẹ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kí n bọ́ bàtà ná.

Bàbá Zipporah ti gbé àpótí mi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo gbọ́ ọ tó dúró. Láti orí àga tí mo wà, mo ń rí wọn: ilẹ̀kùn tiwọn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn tèmi lósì, àwọn láàárín. Wọn ò gbé àpótí náà kalẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ náà na ọrùn.

"Ìyá Zipporah," ni wọ́n pè mí, wọn ò pariwo. "Yàrá wo ni kí n gbé e sí? Àpótí yìí wúwo o."