Ẹsẹ̀ Ìyá Ìkókó

Ìyàwó Ọ̀gá Jíà ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sáàárín àwọn sípánà tó wà lórí tábìlì iṣẹ́.

“Àbúrò mi ń bọ̀ wá gbé e ní agogo méjì. Mo ti fún un.”

Ọ̀gá Jíà gbé ojú sókè. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún jíà ọkọ̀ ṣe, pàápàá irú èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láìsí pé awakọ̀ fọwọ́ kàn án. Agbẹ̀bí ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìkókó lòun sì máa ń pè é. Ọdún kọkànlá rèé tí ọkọ̀ kékeré yẹn ti ń gbé e lọ sílé àwọn aboyún. Bó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ náà ló fi sílẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ìyá Ìkókó, kí ló dé?”

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹsẹ̀ mi ti wúwo. Mo gbà. Lánàá, mo fẹ́ bọ́ sí títì ńlá, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ akẹ́rù kan gun orí mi. Mi ò lè torí pé mo fẹ́ gbẹ̀bí kí n lọ pa èèyàn.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òótọ́ ni, òun ló sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ṣàròyé pé ọkọ̀ òun ń fò fìrì, pé kì í fẹ́ pààrọ̀ jíà mọ́. Láràárọ̀ ni Ọ̀gá Jíà ń wà á yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta, tí á so kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ mọ́ ọn, tí kò sì ní rí ẹyọ àṣìṣe kan. Ọkọ̀ á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí kò rí ohun tó máa dá lẹ́bi lára ọkọ̀, ó dá ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lẹ́bi.

Ó nu ọwọ́, ó mú kọ̀ǹpútà. “Kó o tó gbé e fún un, gbé mi lọ síbi tó ti ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó ti pẹ́ tó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Kí wọ́n tó jáde lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀.

“Mò ń rí ẹsẹ̀ yín o,” ìyàwó rẹ̀ wí.

Fún ogún ìṣẹ́jú, kò sí nǹkan kan. Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà ń wakọ̀ bí ìgbà tó ń gbé ọmọ tuntun, ó rọra ń tẹ̀, ó rọra ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ wo ló wúwo níbẹ̀? Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ọ̀gá Jíà díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ wo ọwọ́ aago tó ń ka eré yẹn. Ó máa tó ṣubú.”

Ọwọ́ aago ṣubú lóòótọ́. Lójú kọ̀ǹpútà tó wà lórí itan rẹ̀, eré tó wà ní ọgọ́ta já sí òdo, bẹ́ẹ̀ ni igi ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Ọkọ̀ fò fìrì, ó wá ń wọ́.

“Òdo!” ni ó pariwo.

“Kí lẹ wá ń yọ̀ sí?”

“Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára jíà tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Tí kò bá ti sọ̀rọ̀, jíà ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀. Páàkì, páàkì!”

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wáyà sẹ́ńsọ̀ náà ti já kúrò níbi tó há sí, ó fara ti sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, ara rẹ̀ sì ti yọ́. Bí sàlẹ́ńsà bá tutù, bó ṣe máa ń tutù nínú ọgbà láràárọ̀, kò ní ṣe nǹkan kan. Bó bá gbóná tán, wáyà á rọ̀, bàbà inú rẹ̀ á kan irin. Ó fi téèpù wé e, ó so ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n kò tètè jáde.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ò fi rí i? Irú àṣìṣe yìí, ṣe ni ọkọ̀ máa ń kọ ọ́ pamọ́ sínú ọpọlọ rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí bátìrì. Bátìrì ọkọ̀ náà ti ń darúgbó, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń yọ orí rẹ̀ lálaalẹ́, tí á tún so ó padà kílẹ̀ tó mọ́, kó má baà kú mọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ bí aboyún bá ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ bá kọ lójúmọ́, òun ló ń pa á rẹ́ lálẹ́. Obìnrin náà sì sọ ọ́ fún un, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá, pé ọwọ́ aago máa ń ṣubú. Ó dá a lóhùn pé títì ló yẹ kó máa wò.

Ó jáde, epo lójú. “Ẹsẹ̀ rẹ kọ́,” ó wí, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí bátìrì.

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Láràárọ̀ ni mò ń wo ẹsẹ̀ yìí nínú balùwẹ̀. Mò ń tẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ogbó ti dé nìyẹn.”

“Má bínú, Ìyá Ìkókó.”

Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

“Àna mi,” ni Ọ̀gá Jíà wí, “má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Ọkọ̀ ò lọ síbì kan… Rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́. Etí tèmi ni.”

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi eteetí ìró rẹ̀ nu epo kúrò lójú ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́rí padà. Jíà ń pààrọ̀ geere. Ọ̀gá Jíà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìjókòó kí wọ́n má baà tẹ nǹkan kan.

Wọ́n ti sún mọ́ ilé nígbà tí obìnrin náà tẹ́tí. “Nǹkan kan ń dún níwájú, lápá òsì.”

Òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

“Báwo ló ṣe ń dún?” ó béèrè. “Fara balẹ̀, kó o sọ ọ́ fún mi.”