Ike Omi Méjì-Méjì

"Ẹrù tó bá wúwo, ẹ̀yìn yín ni kó sún mọ́, kì í ṣe ìdí báàgì," ni Tíṣà wí, ó sì ki ìkòkò kékeré kan bọ àárín báàgì obìnrin kan tó ń yan búrẹ́dì tà. "Bó bá wà nísàlẹ̀, ṣe ni yóò máa fà yín sẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ síléèwé."

Àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ márààrún tó fẹ́ bá a gun òkè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà lóbìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Síìpù, kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń pààrọ̀ síìpù báàgì kan. Àwàdà yẹn gan-an, ẹnu rẹ̀ ni Tíṣà ti gbọ́ ọ.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Síìpù fi kó àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ gun òkè, tí wọn á gbẹ́rù pọ̀n, tí wọn á sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́dún tó kọjá, ó bá ọkùnrin kan wí nítorí bàtà tuntun tó wọ̀ wá gun òkè, títí omi fi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Látìgbà náà, Tíṣà ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè ní kó máa kó àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, omi ńkọ́?" gbẹ́nàgbẹ́nà kan nínú wọn bi Tíṣà.

Ọ̀gá! Ọ̀rọ̀ náà ta Ìyá Síìpù bí ìgbà tí wọ́n fi ata sójú ọgbẹ́.

"Ike méjì-méjì ti tó," ni Tíṣà dáhùn. "Omi ló ń wúwo jù. Ìsun omi kan wà lábẹ́ àpáta níbi tí a ó sùn. Ibẹ̀ la ó ti pọn òmíràn."

Ẹsẹ̀ Ìyá Síìpù tó ń tẹ ẹ̀rọ dúró. Ìsun náà ti gbẹ. Ó mọ̀, nítorí ó dá gun òkè náà ní Sátidé tó kọjá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó lè dá a lójú pé ẹsẹ̀ òun ṣì le ju ti àbúrò òun lọ. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ló bá níbẹ̀.

Ó la ẹnu, ó pa á dé. Kí wọ́n máa lọ. Kí òùngbẹ gbẹ wọ́n díẹ̀, kí wọ́n padà wá sọ fún ẹgbẹ́ pé ti Ìyá Síìpù sàn jù. Èrò náà dùn mọ́ ọn.

Oníbúrẹ́dì rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mà, ẹ má bínú o. Ọkọ mi ní orí mi ò pé, pé ta ní í fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ lọ sùn lórí òkúta. Kí ló tiẹ̀ dùn níbẹ̀ gan-an?"

Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ìyá Síìpù ní ìyẹn, kò lè má dáhùn. "Àárọ̀ ni," ó ní. "Wàá jí, kùrukùru á wà nísàlẹ̀, ìwọ á wà lókè. Gbogbo ara á máa ro ẹ́, síbẹ̀ inú ẹ á máa dùn. Wàá wá tan sítóòfù kékeré, wàá gbé omi tíì kaná..." Ibẹ̀ ló ti rántí ìsun tó gbẹ.

"Mo ti yan búrẹ́dì tí a ó fi mu tíì náà," ni oníbúrẹ́dì wí, ojú rẹ̀ ń dán.

Ìyá Síìpù dìde. "Tíṣà, ìsun yẹn ti gbẹ."

"Ta ló sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo fojú ara mi rí i ní Sátidé."

"Ẹ dá lọ?"

"Mo dá lọ."

Tíṣà fi báàgì tó ń dì sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ nígbà tí mo ní ike méjì-méjì, ẹ panu mọ́."

"Mo gbọ́. Ìlara ni, àbúrò mi."

Ojú Tíṣà pọ́n. "Ó dáa. Kí n fagi lé ìrìn náà, kí ẹ̀yin wá kó wọn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ṣebí ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Síìpù. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù kó sọ.

"Má fagi lé nǹkan kan," ó ní. "Kí wọ́n yọ aṣọ ìpààrọ̀ sílẹ̀, ike márùn-ún-márùn-ún á wọlé. Mo ní ike níyàrá."

Tíṣà kò dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà bá Ìyá Síìpù kó àwọn ike lọ sídìí ẹ̀rọ omi. "Mà, ẹ ò ṣe kúkú bá wa lọ?"

"Bí mo bá tẹ̀ lé yín, mi ò ní lè panu mọ́. Ọ̀rọ̀ Tíṣà ló sì yẹ kí ẹ máa gbọ́."

Ọ̀rọ̀ "Ọ̀gá" yẹn ṣì ń ta á. Ó dé ike tó ti kún pinpin, ó mú òmíràn.